Ìyá Bódìjà, Ẹ Fi Ìṣáná Sílẹ̀ Ná!

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà l'ọ́jà Bódìjà ló kọ lẹ́tà sí wa. Ó ní: "Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ní Challenge. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé l'álẹ́, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun àwọn ère kéékèèké tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó wá fún un láti London. Òmíràn ní ìwo, òmíràn ní ìyẹ́, òmíràn di idà mú. Wòlíì wa ní kí n dáná sun wọ́n. Ọmọ ní bí mo bá sun wọ́n, òun á kó jáde n'ílé. Kí ni kí n ṣe o?"

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ fi ìṣáná sílẹ̀ ná.

Ohun tí ọmọ yín ń ṣe kì í ṣe ẹbọ. Eré ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni, àwọn òyìnbó sì ti sọ ọ́ di òwò ńlá. Ilé-iṣẹ́ kan wà l'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Games Workshop ni wọ́n ń pè é, ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìlú Nottingham ló fìdí sí. Ère onírọ́bà bí ìka ọwọ́ ni wọ́n ń tà: iwin, òmìrán, ọmọ ogun. Wọn kì í bá ẹni kùn ún. Ẹni tó bá rà á ni yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò kùn ún fúnra rẹ̀, kó tó kó o sórí tábìlì fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta ayò ogun. Ní December 2024, ilé-iṣẹ́ yìí bọ́ sáàrin ọgọ́rùn-ún tó tóbi jù l'ọ́jà ìpín-ìdókòwò London. Ère oníwo l'ẹ rí yẹn o!

Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kun ère. Àwọn ìyá wa fi osùn pa ère ìbejì lára, wọ́n sì fi búlúù, búlúù tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun yìí náà, kun irun orí rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan sì wà, Thomas Ona Odulate, Èkó ló ti ṣiṣẹ́ l'áyé ìjọba òyìnbó. Ó ń gbẹ́ ère kéékèèké: ajẹ́lẹ̀ tó dé akoto, lọ́yà, míṣọ́nnárì, àní títí dórí ọbabìnrin Victoria. Ẹ wá gbọ́ ohun tó fi ń kùn wọ́n: yíǹkì dúdú, yíǹkì pupa, àti pólíìṣì bàtà funfun. Àwọn kan ń rò pé ó ń fi òyìnbó ṣẹ̀sín ni. William Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bá a sọ̀rọ̀. Thomas ní òun ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bí òun ṣe rí ayé l'òun ṣe gbẹ́ ẹ. Ère rẹ̀ wà n'ílé ìṣẹ̀ǹbáyé l'Òkè Òkun dòní.

Ẹ tún wo iṣẹ́ tí ọmọ yín ń kọ́. Ọ̀dà àkọ́kùn ló ń ṣáájú, lára ọkọ̀ àti lára ère. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki lọ. Yóò gbẹ kó tó tún kùn ún. Lẹ́yìn náà ni yóò da ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi sínú kọ̀rọ̀ ara ère, kí ojú àti ìṣẹ́po aṣọ lè yọ. Ẹni tó lè kun ẹyinjú sára ère tí orí rẹ̀ kò tó ẹ̀wà olóyin kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n l'ára mọ́tò oníbàárà.

Wòlíì ńkọ́? A kò bá ìránṣẹ́ Ọlọ́run jà. Ẹ pè wọ́n wá sílé l'ọ́sàn-án, kí wọ́n wá wo ọmọ níbi tó ti ń kùn ún.

Ilẹ̀kùn tó ń tì yẹn gan-an l'ó ń bà wá l'ẹ́rù. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ àti tínà ló ń lò nínú yàrá tó sé pa, òórùn rẹ̀ á máa kọ́ ọ lójú, á máa fọ́ ọ lórí. Kó ṣí fèrèsé. Ọ̀dà olómi ni kó rà. Àwọn kan a máa fi ẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì kó lè ṣe ṣónṣó. Ẹ má gbà fún un rárá, nítorí òjé máa ń wà nínú ọ̀dà olóròóró mìíràn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Bí àwọn àbúrò rẹ̀ bá ń sùn nínú yàrá kan náà, ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ l'álẹ́ òní.