Ìhàlẹ̀ Rọ́ṣíà: Ìkòròdú ti rí irú rẹ̀ rí

Ìlànà ogun Rọ́ṣíà ni pé kí wọ́n dẹ́rù ba ọ̀tá kó má baà gbéjà wá, kí ìdẹ́rùbà náà má sì dúró bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Ukraine kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní oṣù kejì ọdún 2022 tí Ààrẹ Putin fi ní kí àwọn tó ń tọ́jú àdó olóró átọ́míìkì wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ìhàlẹ̀ náà ṣiṣẹ́ díẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ NATO kò rán ọmọ ogun tirẹ̀ wá jà. Ṣùgbọ́n kò dá ohun ìjà tí wọ́n ń kó fún Ukraine dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọmọ ogun Ukraine wọ Kursk, nílẹ̀ Rọ́ṣíà gan-an.

Irú èyí kò ṣàjèjì ní Ìkòròdú. Lọ́dún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà torí ọ̀nà òwò Ìbàdàn tó gba ibẹ̀ dé Èkó. Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, ní kí wọ́n kó kúrò. Wọn kò gbọ́. Ẹni tó ti sin òkú lójú ogun (ta ni kò mọ̀ ọ́n?) kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí wọn, ibùdó sì tú. Síbẹ̀, ìjà kò tán: lọ́dún 1867, Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde.

Glover rí rọ́kẹ́ẹ̀tì yìn, ó sì padà sílé. Átọ́míìkì kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè jó ẹni tó yìn ín. Ó yẹ kí Moscow yé fi í halẹ̀. Àwọn tó sì ń sọ pé ariwo lásán ni, kí wọ́n rántí pé Glover náà kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ ni.