Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Kọ̀ǹpútà Tó Bá Iná Wa Mu Ló Yẹ Ká Máa Tò

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn olóṣèlú ilẹ̀ yìí. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, wọn a pe ìpàdé ìrónilágbára, wọn a to láptọ́ọ̀pù jọ sórí tábìlì, wọn a bá àwọn ọ̀dọ́ ya fọ́tò, wọn a sì bá tiwọn lọ. Níbòmíràn, gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ń kọ́. Wọn a kó kọ̀ǹpútà ràgàjì sínú rẹ̀, wọn a sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ tí owó epo dísẹ́ẹ̀lì bá tán, àgádágodo ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo ariwo yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣáájú ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè: iná mélòó ni ẹ̀rọ yìí yóò máa jẹ, níbo ni iná náà yóò sì ti máa wá?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Iná tó wà nílẹ̀ ni eku, kọ̀ǹpútà ni ìtẹ́. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wátásáìdì, láti Abígi tó jẹ́ olú ìlú rẹ̀ dé Ẹfirẹ àti Ìwópin, igbe àìsíná ti di ohun tí etí ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, iná ń wá, iná ń lọ, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní ni òun yóò parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ iná bí iná ìléru wá sí irú ibẹ̀ kò ṣe àwọn ọ̀dọ́ lóore. Ẹrù ló dì fún wọn.

Agbègbè yìí sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ bébà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sí Ìwópin kò mú ìlérí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin: kì í ṣe bí ohun kan ṣe tóbi tó ni yóò mú un ṣiṣẹ́, bí kò ṣe bí ó ṣe bá ibi tí wọ́n gbé e sí mu.

Kọ̀ǹpútà tó bá ìwọ̀n wa mu wà, kì í sì í ṣe àlá. Lọ́dún 2001 ni ilé-iṣẹ́ VIA ti orílẹ̀-èdè Taiwan gbé bọ́ọ̀dù kan jáde tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 ní òró, sẹ̀ǹtímítà 17 ní ìbú. Mini-ITX ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ju àpótí bàtà lọ, tó sì lè ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, kó gé fídíò, kó sì gbá géèmù. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà bíi Ryzen 5 5600G ti ilé-iṣẹ́ AMD ní ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀, nítorí náà kò di dandan kí ènìyàn ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Wáàtì 65 ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó tò ó sì lè dín in kù sí 45 bí ó bá fẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe idán. Fáànù kékeré tó ń sáré kíkankíkan ló máa ń hó. Fáànù tó fẹ̀, tó sì ń yí jẹ́jẹ́, lè gbé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà láìpariwo. Ohun ìpamọ́ SSD kò ní ẹ̀yà kankan tó ń yí, nítorí náà kò ní ohùn. Bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bá sì lágbára ju èyí tó ń tì í jáde lọ, tí wọ́n fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀, eruku ọyẹ́ kò ní rí ihò mìíràn gbà wọlé. Ohun tí ọ̀dọ́ tó parí ilé-ìwé girama lè kọ́ láàrin oṣù díẹ̀ ni gbogbo èyí.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná gbé owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí Band A sókè sí ₦225 lórí yúnítì kan. Kọ̀ǹpútà géèmù ńlá tó ń fa wáàtì 500, tí wọ́n lò fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yóò jẹ yúnítì mẹ́ta. Ní iye owó ìgbà náà, ₦675 nìyẹn lójúmọ́, ó sì di ₦20,250 láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré tí òun àti ojú ìwòran rẹ̀ ń fa wáàtì 90 yóò jẹ ₦3,645 fún iye wákàtí kan náà. Ní iye owó ìgbà náà, ìyàtọ̀ náà lé ní ₦16,000 lóṣù kan. Ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè sọ pé owó yẹn kò jẹ́ nǹkan.

Níbi tí iná ìjọba kò ti sí rárá ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráàlú sọ ní "I pass my neighbour" kò lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 650 lọ. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára rẹ̀ tán, ká tó sọ ti gílóòbù àti fáànù inú ilé. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ènìyàn ló mọ iye tí gálọ́ọ̀nù epo kan dà. Ṣùgbọ́n bátìrì lithium kan tó jẹ́ fóòtì 12 àti 100Ah, tí pánẹ́ẹ̀lì sólà ń gba agbára fún, lè gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà fún bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Bí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà ńlá mọ́ ọn, kò ní ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Ẹ̀rọ agbaná-sí kékeré kan tilẹ̀ wà tó lè gba iná tààrà láti ara bátìrì, láìgba inú ínfátà kọjá, kí iná má baà ṣòfò lójú ọ̀nà. Ọgbọ́n tó yẹ fún Ẹfirẹ nìyí.

Àwọn kan á ní láptọ́ọ̀pù ti tó. Ó tó fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n ti jó ohun ìrántí mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ó bá kéré jù, tàbí tó bà jẹ́, àfi kí wọ́n ra òmíràn. Iṣẹ́ tó pẹ́ tún máa ń mú un gbóná, tí yóò sì máa falẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀ dà bí kẹ̀kẹ́: ohun tó bà jẹ́ ni wọn yóò yọ, ìyókù yóò máa báṣẹ́ lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀yà tuntun lè bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, kó fi ohun ìrántí kún un, kó sì pààrọ̀ ohun ìpamọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ géèmù, wọn á ní ìmẹ́lẹ́ ni. Kí wọ́n rántí pé àwọn baba wa tó gbẹ́ ọpọ́n ayò kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ tó lè gbá géèmù dáadáa náà ló lè gé fíìmù, tó lè ya àwòrán ilé, tó sì lè ṣe géèmù jáde. Láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti ń ṣe géèmù ní Èkó. Kí ni yóò ṣe ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí kò fi ní lè ṣe irú rẹ̀, bí kò ṣe àìní ẹ̀rọ tó lè dúró ti iná ilé rẹ̀?

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ní láti òkè òkun ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà títò rẹ̀ kò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Aṣọ tí télọ̀ wa ń rán ńkọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti hun gbogbo rẹ̀? Florence Seriki dá Omatek sílẹ̀ lọ́dún 1988, Zinox sì jáde lọ́dún 2001, àwọn méjèèjì sì fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè to kọ̀ǹpútà tà fún ọmọ Nàìjíríà. Ìmọ̀ títò, ìmọ̀ títúnṣe àti ìmọ̀ ìṣirò iná kì í wọ inú ọkọ̀ ojú omi padà lọ sókè òkun. Àpótí rẹ̀ sì wà lára ohun tí kò yẹ kó wá láti òkèèrè. Lọ́dún 2022, ilé-iṣẹ́ Fractal Design ti Sweden gbé àpótí kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n fi igi ṣe iwájú rẹ̀, ayé sì gbóríyìn fún un. Ìjẹ̀bú-Igbó rèé, ìlú igi gẹdú àti ìlú ìlagi, níbi tí káfíńtà ti ń ṣe ìjókòó àti ìlẹ̀kùn láràárọ̀. Ta ló ti pe káfíńtà kan níbẹ̀ kó wá fi igi ṣe àpótí kọ̀ǹpútà, kó lu ihò afẹ́fẹ́ sí i, kó sì fi irin sí ibi tí bọ́ọ̀dù yóò jókòó?

Kọ̀ǹpútà kékeré ní àbùkù tirẹ̀. Àyè inú rẹ̀ há, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan wọ́n ju ti ńlá lọ, ẹni tó sì fẹ́ gbá géèmù tó wúwo jù lọ lórí ojú ìwòran gbàràmù-gbaramu yóò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àpótí ńlá tó ń tan iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná aró nínú fọ́tò kò ní ohun tó kún inú rẹ̀. Àgbá òfìfo ló sì máa ń pariwo.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè àti Abraham Adesanya Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní láti sọ títo kọ̀ǹpútà di iṣẹ́ ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kó tó jáde, kì í ṣe àwòrán tí yóò yà sínú ìwé ìdánwò. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú àti ti Ògùn Wátásáìdì ní láti gbé owó ìrónilágbára fún títo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì so bátìrì àti sólà mọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá pín. Láti ọdún 2013 ni àjọ NITDA ti gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba máa ra ẹ̀rọ tí wọ́n tò nílẹ̀ yìí. Kí aráàlú máa béèrè ibi tí ìlànà náà dé ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn.

Olóṣèlú tó bá tún gbé kọ̀ǹpútà wá sí Abígi tàbí Ẹfirẹ, kí àwọn ọ̀dọ́ má kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kí wọ́n bi í léèrè iye wáàtì tó ń jẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, fọ́tò ló wá yà.