Ìwé Aláwòrán fún Ẹni tí Oògùn Olóró Dè Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí Atọ́ka? Ọdún 1967 ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò gbé eré àwọn òṣèré tíátà wa jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu olúkúlùkù. Ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ pàápàá ń bá ìtàn náà lọ.

Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún máa lò. Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé, nínú 100 ènìyàn ẹni ọdún 15 sí 64 ní ilẹ̀ Yorùbá, ó lé ní 22 tí ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan.

Ẹni tí ó ti yẹra fún tramadol fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bí ó bá gbé iye náà mì, ó lè kú. Ẹ yà á báyìí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, àwọn ọ̀rẹ́ pè é ní Ọjà Ọba, ó nawọ́ sí iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀. Kí àwòrán dúró níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn pé, “Ìwọ ńkọ́, kí ni wàá sọ?”

Ẹ má ya agbárí òkú o! Aláìsàn ti rí ẹ̀rù tó.

Òṣogbo tí Mbari Mbayo ti ọdún 1962 sọ di ìlú ayàwòrán kò lè wá ẹni tí yóò yà á tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni iṣẹ́ tiwa, kí ará Iléṣà inú rẹ̀ sì fọ Ìjẹ̀ṣà.