Ìbọn Wo L'ó Tọ́ S'Ọ́wọ́ Ẹ̀ṣọ́ Ìlú?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè dá sílẹ̀ l'ọ́jà tàbí nínú ọkọ̀ l'ákòókò yìí kí ariwo má sọ: ohun ìjà wo l'ó yẹ kí ará ìlú tí kì í ṣe sójà, tí kì í sì í ṣe ọlọ́pàá, gbé l'ọ́wọ́ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀? Àwọn kan ní kí a kó ìbọn AK-47 fún gbogbo ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn mìíràn ní àdá àti ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa fi ṣọ́ oko ti tó. Ní tiwa, ẹgbẹ́ méjèèjì ti yára sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ṣakabùlà. Ọdẹ tí ó gbé e l'ọ́wọ́ ní láti da ẹ̀tù s'í i l'ẹ́nu, kí ó fi ọ̀pá kì í, kí ó kó ọta s'í i, kí ó tún kì í, kí ó tó lè yìn ín l'ẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òjò bá pa ẹ̀tù rẹ̀, igi lásán l'ó gbé l'ọ́wọ́. Bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò bá dára, ìbọn náà lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín l'ójú. Ṣùgbọ́n AK-47 a máa gba ọta 30 l'ẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa pa ènìyàn n'íbi jíjìn tí ọta ṣakabùlà kò lè dé. Ẹni tí ó bá ní òun ní àyẹta, a kò bá a jiyàn. Àmọ́ Ìjọba kò lè kọ àyẹta s'ínú ìwé ìnáwó ọdún.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí n'ílẹ̀ Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbójú lé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà l'Ékòó wá ra ìbọn tuntun, èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀. L'ọ́jọ́ náà ni ẹsẹ̀ Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, dúró. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ rà. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, àgọ́ ogun kò sì tú títí di 1893. Ìbọn tuntun dá ọ̀tá dúró l'óòótọ́, kò sì jẹ́ kí ìjà tètè parí.

Ní ọjọ́ 9, oṣù January, ọdún 2020, ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ní ọjọ́ 5, oṣù June, ọdún 2022, àwọn apànìyàn fi ìbọn àti àdó olóró wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì St. Francis l'Ọ́wọ̀, bí 40 ènìyàn sì kú. Ní September ọdún náà, olóògbé Rotimi Akeredolu, tí ó jẹ́ Gómìnà Oǹdó nígbà náà, rí àwòrán ẹ̀ṣọ́ Katsina tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń lo AK-47, ó sì bèèrè ìdí tí a fi ń du ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ní irú rẹ̀. Ilé Ààrẹ dáhùn pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí a fún l'áṣẹ. Ìdáhùn náà kò tẹ́ wa l'ọ́rùn. Òfin tí ó bá de Ọ̀wọ̀ gbọdọ̀ de Katsina pẹ̀lú.

Kí wá ni òfin náà wí? Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ìpín mẹ́ta. Ìpín kìíní ni ìbọn ogun, tí ìbọn ọlọ́ta 7.62 mm wà nínú rẹ̀, ọta AK-47 gan-an sì nìyẹn; Ààrẹ nìkan l'ó lè fún ènìyàn ní àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí s'ílẹ̀ dáadáa: ìbọn ìléwọ́ kékeré tí àwọn kan ń fi pamọ́ s'ábẹ́ àga ọkọ̀ wà n'ínú ìpín kìíní yìí kan náà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì dín ní ọdún 10. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, bí èyí tí ó ní ẹnu méjì, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fún ènìyàn ní láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, òun náà ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì yìí l'ó wù wá fún ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ abúlé àti oko. Ọta rẹ̀ kì í bẹ̀rù òjò bí ẹ̀tù, a lè yìn ín l'ẹ́ẹ̀mejì kí a tó tún ọta kì, ọta rẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà tó ti AK-47. Kí ẹ̀ṣọ́ náà ní tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti tẹlifóònù pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe ènìyàn jọ kí ọ̀tá tó wọlé. Àwọn díẹ̀ tí a bá kọ́ dáadáa ni kí a bẹ Ààrẹ pé kí ó fún ní AK-47, kí ìbọn náà sì máa sùn n'ílé ìṣúra tí a tì pa, kì í ṣe n'ílé ẹni tí ń gbé e. A ti rí i bí ẹni tí òṣèlú gbé ìbọn fún nígbà ìbò ṣe ń gbé e lọ s'ójú ọ̀nà nígbà tí ìbò bá kọjá, àwọn oníṣòwò l'ó sì ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ra ọ̀kan ṣoṣo, kí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ fún wa ní gbangba ẹni tí yóò máa ka àwọn ìbọn náà l'álaalẹ́, ìwé tí a ó kọ nọ́mbà wọn sí, àti ẹni tí yóò jẹ́jọ́ bí ọ̀kan bá sọnù.