Iná Wárì àti Àpò Ajílẹ̀ Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá gba Airport Road kọjá ní ìlú Wárì, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó gbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Ekpan, tí a ṣí ní ọdún 1978, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní àwọn oko epo agbègbè náà, gáàsì tí ó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀ ni a ń dáná sun.

Kí ni ó kan ẹni tí ó gbin àgbàdo ní Ìsẹ́yìn? Ó kàn án gidigidi. Irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ṣe ajílẹ̀ yúríà. A ó yọ háídrójìn inú rẹ̀, a ó pò ó mọ́ náítrójìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, títí yóò fi di wóró funfun tí ẹ ń bù sí ìdí àgbàdo. Nínú àpò yúríà oní-kílò 50, kílò 23 ni náítrójìn. Ajílẹ̀ ni a ń sun lókè nì.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin ọdún 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun gáàsì mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, àfi pẹ̀lú àṣẹ mínísítà. Ọjọ́ pé, iná kò kú. A sọ ọ́ di ìtanràn; láti 1998 títí di 2018, ₦10 péré ni lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun 1,000. Ta ni yóò náwó ńlá ra ẹ̀rọ tí ń kó gáàsì jọ, nígbà tí ìtanràn rọrùn tó bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe yúríà ní Eleme, àti ní Lẹ́kkí láti ìgbà tí a ṣí ilé-iṣẹ́ Dangote ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan ní ọjà yín.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ọ̀pá gáàsì tí ó ti Escravos gba Wárì, tí ó la ilẹ̀ oko wa já dé Èkó. Igi ìdáná ni àwọn ìyá wa ṣì fi ń yan gàrí nítòsí rẹ̀.

Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti pèsè iná tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùdìbò-fún bá wá sí abà yín, ẹ má ṣe béèrè ọ̀nà nìkan. Ẹ béèrè ọdún tí iná yóò dé ìdí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, àti iye tí yóò jẹ́.