Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe àpérò, ẹ má fárí lẹ́yìn olórí

Àwọn àgbà ló ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò bá pe àpérò lórí ọrọ̀ ajé. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kòkó, ìwé ìpè á ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, wọ́n á ní Àbújá ni. Ẹni tó gbin kòkó wà ní Ìdànrè, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Oǹdó, etí òkun ni wọ́n ti ń gbèrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

A kò bá Èkó jà o. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ èbúté, báńkì, tàbí àlejò tó fi bàálù wọlé láàárọ̀ tó sì fẹ́ padà lálẹ́, ibo la tún fẹ́ wá lọ? Àmọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò ká tó mú ibi ìpàdé.

Ẹ bá wa ṣírò ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan láti Ìdànrè. Yóò wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, yóò wọ òmíràn dé Èkó, yóò sì sùn níbẹ̀, nítorí kò sí bó ṣe lè jí nílé kó bá ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Victoria Island. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ nìkan tó ohun tó lè dá a dúró sílé. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kún gbọ̀ngàn ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó ìrìnàjò, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀, àti àwa oníròyìn tí a ò ní igi kòkó kan ṣoṣo. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ka ìwé àbá jáde. Oko kò ní gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé kò síbi tá a lè lò. Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA wà láti ọdún 1967, gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, yàrá àlejò sì wà. Ìdí-Ayunrẹ́ tó wà lẹ́bàá ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣèwádìí kòkó fún gbogbo Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn ní gbọ̀ngàn àpérò tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, láti Èbúté Mẹ́ta gba Abẹ́òkúta dé Mọ́níyà, kìlómítà 157. Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú, lóòótọ́, nítorí náà kí àwọn tó pe ìpàdé fi bọ́ọ̀sì dúró de àlejò níbẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè ńkọ́? Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní The Dome wà ní Àkúrẹ́, ìrìn tí kò tó wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26 tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965, owó kòkó ló kọ́ ọ. Ó yẹ kó ti àwọn tó ń pàdé lójú láti máa sọ̀rọ̀ kòkó láìsí olóko.

Bí wọ́n bá ti wá mú ìlú, kí wọ́n lọ wo gbọ̀ngàn fúnra wọn, kí wọ́n má fi àwòrán ṣe é. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò sì ra dísù? Ṣé omi wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí aráàlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024, síbẹ̀ a ṣì ń rí gbọ̀ngàn tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n sì wo ọjọ́ pẹ̀lú: ẹni tó bá pe àwọn aláṣọ òkè sípàdé lọ́jọ́ ọjà wọn, àga ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní àlejò láti òkè òkun kò ní wá sí ìlú kékeré, àti pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní òtẹ́ẹ̀lì tó lè gba ẹgbẹ̀rún èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣé dandan ni kí èèyàn pé ẹgbẹ̀rún? Igba èèyàn tó mọ iṣẹ́ náà tó. Òyìnbó tó fẹ́ ra àdìrẹ pàápàá, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni yóò fẹ́ fojú rí, kò fẹ́ wo àdìrẹ tí wọ́n so mọ́ ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Owó tí wọ́n bá sì ná níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ àti awakọ̀ ìlú náà ni yóò jẹ ńbẹ̀.

Owó aráàlú ni ìjọba ń ná sí púpọ̀ nínú àpérò wọ̀nyí. Nítorí náà, à ń rọ àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó àpérò mìíràn, kí wọ́n bi ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, níbo ló ń gbé, èló ni yóò ná kó tó débẹ̀? Kí wọ́n sì gbé ìdáhùn náà jáde sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú iye tí wọ́n san fún gbọ̀ngàn.