Ta Ló Ń Tọ́jú Ẹni Tó Ń Kọ́ Ìtọ́jú?

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-8



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé kí ẹ sùn, kí ẹ má jí mọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo tan AC, mo ní kó jókòó.

Mo kọ́kọ́ dá a lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣe mí rí. Ní ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni." Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ń jí ní Sharjah, kó lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Al Ittihad, kó sì wà ní wọ́ọ̀dù ní Dubai ní aago méje. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, ìwé ń dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, bàbá àgbà kan tó máa ń fún lóúnjẹ kú lójú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wo BP aláìsàn tó kàn. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ṣé kò sí?" Láti ìgbà náà, kò rí oorun sùn, oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bá di abẹ́rẹ́ mú. Nígbà tó sọ fún màmá rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o mọ iye tí bàbá ẹ ń san ni? Lọ gbàdúrà."

N kò dá màmá náà lẹ́bi. Òógùn ojú wa ni owó ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ẹrù tí a dì lé ọmọ lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń kàwé, ó ń ṣe ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń ṣe méjèèjì, ó tún lè máa tọ́jú òkú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ ṣi oògùn fún ẹnìkan. Níbí, aláìsàn rẹ̀ lè máa fi èdè Lárúbáwá tàbí Urdu ké ìrora, kó má gbọ́ ohun tó ń wí.

Ẹ wo Èlíjà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá tó ṣe, ó lọ sábẹ́ igi ní aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àkàrà àti omi ló gbé kalẹ̀ fún un. Ó jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó jẹun. Ìgbà tí ara rẹ̀ mókun tán ló tó rin ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù, níbi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀.

Nílé, a máa ń fi Aro bú ara wa. Àmọ́ ohun tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954 yẹ ká rántí: ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ó rí i pé oògùn àti ẹbí jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí àìjẹun bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà, bí ẹ ṣe máa ṣe tó bá jẹ́ ibà. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé o ń ronú àtipa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó ń ṣílẹ̀kùn ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn ilé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dubai ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ Al Amal. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìrètí. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba ibí ṣe ní 2023 sì dáàbò bo àṣírí aláìsàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹ̀rín bo ẹkún. Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ yín, ẹ sọ fún ẹlòmíràn.

Ọmọ náà ń rí dókítà báyìí. Ó sún ẹ̀kọ́ kan síwájú di sáà tó ń bọ̀. Kò tíì rọrùn fún un tán, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Màmá rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ dúró dè é nírọ̀lẹ́, wọn kì í sì kọ́kọ́ béèrè máàkì mọ́.

Fún ìjíròrò nínú ilé: Kí ni a máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ wa tó bá wọlé? Ta ni ó lè pè ní òru?

Olúwa, jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi tí ẹni tó rẹ̀ ti lè sinmi. Àmín.